Ohun tí ètè mi fojú rí nídìí tirọ́mbóònù

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń fọn tirọ́mbóònù, tàbí ọmọ yín ló ń fọn ọ́n, tàbí ẹ̀ ń gbèrò àtiwọ ọ́kẹ́sítrà kan níbi ní Àbújá, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Mi ò kọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ètè mi bàjẹ́, gbogbo ibi tí mo wá ọ̀rọ̀ dé lédè wa, mi ò rí ẹnì kan tó máa sọ fún mi pé ohun tó ń ṣe mí yẹn ti ṣe òun rí, pé ó sì lọ. Mo dá nìkan wà pẹ̀lú ẹ̀rù fún oṣù mẹ́jọ. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Kúbwá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní 2017. Àwa tí à ń fọn fèrè ò ju mẹ́fà lọ, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, saksofóònù kan, àtèmi. Tirọ́mbóònù àlòkù ni mo rà, ₦70,000, mo tọ́jú owó yẹn fún oṣù márùn-ún. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, fídíò ni mò ń wò lórí fóònù, mo sì ń fi etí kó orin. Nínú ìjọ, bí mo bá ń fa ohùn láti nóòtì kan bọ́ sí òmíràn, tó ń yọ́ bọ̀ bí ẹni pé gángan ló ń sọ̀rọ̀, ńṣe ni àwọn ìyá ìjọ máa ń dìde jó, wọ́n á máa lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Fún ẹni tí ò bá mọ irinṣẹ́ yìí: kò ní bọ́tìnì bíi tọ́ńpẹ́ẹ̀tì, kò ní ihò bíi fèrè. Síláìdì ló ní, irin méjì tó wọnú irin méjì, tí ẹ ó máa tì síwájú tí ẹ ó máa fà bọ̀ sẹ́yìn. Ibi méje ni ọwọ́ ń dúró sí, kò sì sí àmì kankan lára irin tó máa sọ pé ibí nìyí. Ìkẹta ò tíì dé ọ̀gangan ẹnu rẹ̀ tó là gbàgàdà yẹn, ìkẹrin kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ìkeje sì ni ibi tí apá ti ń nà tán pátápátá. Etí lẹ máa fi wá gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ ò lè dá a ṣe. Ibì kan ṣoṣo tí ọwọ́ dúró sí, ètè lè mú nóòtì mẹ́fà, méje, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde níbẹ̀, bí ètè bá ṣe kóra jọ sí àti bí afẹ́fẹ́ bá ṣe yára sí ni. Ètè ló ń gbọ̀n, irin kàn ń bá a gbé ohùn náà jáde ni. Ká ní mo ti gbọ́ gbólóhùn kan yìí kó yé mi ní 2017, bóyá mi ò bá má kọ ohunkóhun lónìí.

Kí n tó dé orí ètè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti síláìdì, nítorí ó ná mi lówó. Òrùka kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n ń yí kí síláìdì má bàa yọ. Lọ́jọ́ kan ní 2018 mò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Bẹ́gà, mi ò gbé e sínú àpótí, mi ò sì yí òrùka yẹn, bí mo ṣe na ọwọ́ ni síláìdì yọ fíà, ó fi orí sọ kọnkéré etí títì. Ó jin sínú níbì kan, kò tiẹ̀ tóbi tó orí ìka. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń na ara mọ́tò tó bá tẹ̀, torí mo rò pé irin ni irin ń jẹ́. Ó fi iná sí i, ó fi òòlù lù ú. Ẹ ẹ̀ ní gbà gbọ́ bó ṣe dun mí tó nígbà tí mo gbà á padà, ńṣe ló ń dún kìrìkìrì bí ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún. Àlàfo tó wà láàárín irin inú àti irin òde ò tó nǹkan kan rárá, irin inú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba gbọọrọ, tí ọ̀kan bá yà báyìí péré, ó tán. Tó bá ti tẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kí oníná kankan sún mọ́ ọn. Èmi, àwọn tó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin ọlọ́pàá ló padà júwe ẹni tó ń tún fèrè ṣe fún mi, ìyẹn náà sì sọ fún mi pé ọwọ́ ti bọ́ sórí, àfi kí n wá síláìdì mìíràn.

2019 ni mo wọ ọ́kẹ́sítrà, ní Gárìkí. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò sì kan ẹ̀bi wọn. Àwa mẹ́ta tí à ń fọn tirọ́mbóònù la jókòó sẹ́yìn pátápátá, tẹ́nọ̀ méjì, irú èyí tí mò ń fọn, báàsì kan tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù, ìlù tímpánì ní apá òsì wa. Ẹ̀gbọ́n tó ń fọn báàsì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, inú ẹgbẹ́ Boys' Brigade ní Kàdúná ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé. Mo máa padà sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni dídákẹ́. Nínú ìjọ mi, fèrè kì í dákẹ́, tí ẹni kan bá ń mí, ẹlòmíràn ń fọn. Ní ọ́kẹ́sítrà, ẹ lè jókòó ka báà ọgọ́rùn-ún, ìyẹn àwọn ìpín kéékèèké tí wọ́n pín orin sí, láìfọn nǹkan kan, kẹ́ ẹ wá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ènìyàn máa gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣì í kà, mo wọlé nígbà tí fáyólíìnì nìkan ń dún wẹ́ẹ́wẹ́, ohùn mi là á kọjá bí ẹni tó já wọ iyàrá tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Adarí ò bú mi, ó kàn dá gbogbo ènìyàn dúró, ó wo ọ̀dọ̀ mi, ó ní ká tún un ṣe. Ọkàn mi ń lù débi pé ẹ̀ẹ̀kejì mi ò wọlé rárá. Ẹ̀gbọ́n fi pẹ́ńsù lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní, "Àbúrò, má kà á nìkan, kọ ohun tí o bá ń gbọ́ síbẹ̀." Látìgbà yẹn ni mo ti ń kọ ọ́ sórí ìwé orin mi, pé tí kilarinẹ́ẹ̀tì bá ti sọ báyìí, ó ku báà mẹ́rin. Ìka ni mo fi ń ka báà mẹ́wàá mẹ́wàá lórí itan, mo sì ń gbọ́ orin lọ. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ka nọ́ńbà, ọ̀tọ̀ ni kó mọ ibi tí orin dé.

Ohun kejì ni ìyọ́ ohùn tí wọ́n torí ẹ̀ ń lẹ owó mọ́ mi lórí nínú ìjọ yẹn. Adarí ní òun ò fẹ́ gbọ́ síláìdì láàárín nóòtì méjì. Ó dùn mí o, torí lójú tèmi, òun ni adùn rẹ̀. Títí di báyìí mo gbà pé nínú gbogbo fèrè wọn, tirọ́mbóònù ló mọ ìwà èdè wa jù, ó lè lọ láti ohùn ìsàlẹ̀ dé òkè láìfo ibì kan, ó lè pe ọkọ́, kó pe ọkọ̀, kí Yorùbá mọ ìyàtọ̀. Mi ò sọ ìyẹn nù, mo ṣì ń lò ó nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n fún ọ́kẹ́sítrà, ẹ kọ́ ahọ́n yín láti máa sọ "dà dà dà" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí nóòtì kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ má dúró, kí ọwọ́ sì yára bí ìpajú. "Tà" ti le jù fún orin pẹ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí ahọ́n tó gbà.

Ibi tí wàhálà ètè mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an rèé, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí i torí kò jọ wàhálà nígbà yẹn. Iyàrá kan ni mo ń gbé, ilé onílé púpọ̀, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ti bẹ̀ mí pé òun ní ìkókó. Inú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́bàá òkè ni mo ti ń ṣe ìdánrawò, ògiri búlọ́ọ̀kù lásán, kò sí fèrèsé, kò sí rọ́ọ̀gì. Bí mo bá fọn nóòtì kan níbẹ̀, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dá a padà fún mi, á rinlẹ̀, á tóbi. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe rìhásà, rọ́ọ̀gì ló wà nílẹ̀, kọ́tìnì tó nípọn yí gbogbo ògiri ká, àga rẹ̀ náà ní tìmùtìmù. Gbogbo ìyẹn ń gbé ohùn mì. Bí mo ṣe fọn tó, ó dà bíi pé ohùn mi ò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé èmi ló rẹ̀ mí, pé mi ò lágbára. Mo wá ń tẹ mouthpiece, irin kékeré tí à ń gbé sẹ́nu fọn, mọ́ ètè. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, nóòtì òkè á jáde kíá, òótọ́ ni, fún ọjọ́ yẹn. Ẹ̀bùn tí ètè ń san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ni.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé ní 30 oṣù Kẹta 2020 nítorí Kòrónà, mo láyọ̀ pé mo máa ní àyè. Mo ń fọn wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, kò sí ẹni tó ń gbọ́ mi, kò sí ẹni tó máa sọ pé àbúrò, ètè rẹ ti funfun. Àṣà yẹn wọ̀ mí lára débi pé nígbà tí a padà sí rìhásà, ọwọ́ òsì mi ti mọ bó ṣe ń fa irin wá sí ẹnu láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ń sáré lórí síláìdì, ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tó gbé gbogbo ẹrù dání, òun ló ń tẹ̀ yín lẹ́nu pa.

Ní 2022 wọ́n ní a máa ṣe Símfónì Karùn-ún Beethoven, orin ọ́kẹ́sítrà alápá mẹ́rin, ní oṣù Kejìlá, mo sì ti di tirọ́mbóònù kìíní nígbà náà. Ẹ̀yin tó mọ orin yẹn á ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Beethoven gbé e jáde ní Vienna ní 22 oṣù Kejìlá 1808, kò sì fún tirọ́mbóònù ní nǹkan kan ní apá kìíní, kejì àti kẹta. Ẹ máa jókòó ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ètè ti tutù, irin ti tutù, apá kẹta ò sì parí kí ìkẹrin tó bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló gba inú rẹ̀ wọlé láìdúró, ọ́kẹ́sítrà á wá bẹ́ jáde, ẹ̀yin náà á sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè tó mọ́ tónítóní. Fún tirọ́mbóònù kékeré tí wọ́n ń pè ní alto ló kọ ohùn tirọ́mbóònù kìíní yẹn, ó ga gan-an. Kò sí alto lọ́dọ̀ wa. Tẹ́nọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe é. Ó yẹ kí n sọ fún adarí pé ó wúwo fún mi, ká jọ pín in, tàbí ká sọ nóòtì méjì mẹ́ta kalẹ̀. Ojú tì mí. Mo ti gbé orúkọ kìíní, mo rò pé ẹni tó bá ní ó ń dun òun, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti oṣù Kẹwàá ni ètè òkè mi ti ń wú ní ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá gbé irin kúrò lẹ́nu, àmì òrùka mouthpiece á wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn, mo ra oògùn ìrora àti èyí tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù nínú ayé mi nìyí, mi ò kó o fún ẹlòmíràn. Oògùn yẹn ṣiṣẹ́, ìrora lọ, ohun tó ń fa ìrora ò lọ. Ìrora ni ètè fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, èmi sì pa á lẹ́nu mọ́ kí n lè máa fọn lọ. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àárín oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti dé, ẹ mọ bí ọyẹ́ Àbújá ṣe máa ń ṣe ètè, tó máa ń là á bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Gbọ̀ngàn kún. A ṣe apá kìíní, kejì, kẹta. Mo ń kà, mi ò ṣì í kà rárá. A wọ ìkẹrin, nóòtì àkọ́kọ́ jáde dáadáa, inú mi dùn, èkejì jáde, ìkẹta jáde. Nígbà tó fi máa dé ìdajì, mo gbọ́ nǹkan kan bí ìgbà tí okùn bá já nínú ètè òkè mi lápá òsì, kò tiẹ̀ dun mí, ó kàn tú. Mo fọn, afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo tún fọn, ó ń sá jáde ní igun ẹnu mi bíi táyà tó jò. Ẹ̀gbọ́n tó ń fọn báàsì wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan, àwọn àti èkejì wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọn sókè láti bo ibi tí èmi ò sí. Mo gbé irin mi sẹ́nu títí orin fi parí, mo ń ti síláìdì síwájú sẹ́yìn, kò sí ohùn kankan. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tẹríba pẹ̀lú àwọn yòókù. Mi ò tíì sọ ibi yìí fún ìyá mi rí.

Dókítà tí mo bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún wò ó, ó ní iṣan tó yí ẹnu ká ló fara pa, pé oògùn kọ́ ló máa wò ó, ìsinmi ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìfọn ohunkóhun, ká wá wò ó. Mo bi í léèrè bóyá máa lè fọn mọ́. Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Mo gbé tirọ́mbóònù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ kejì mo kó o jáde lálẹ́, mo gbìyànjú nóòtì kan péré kí n lè mọ̀, ó jò, mo sunkún. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó ń tú ewùrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn láràárọ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó ti ta.

Oṣù Kẹrin 2023 ni Ẹ̀gbọ́n gbé mi lọ sí Sáríà, ìdílé wọn kan ń gbé níbẹ̀, ọdún ìtúnu ààwẹ̀ sì ni. A dúró lẹ́bàá títì nígbà tí Ẹ́míà àti àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá. Àwọn onífèrè kàkàkí ń bọ̀, irin tó gùn ju ènìyàn méjì tó dúró léra lọ fẹ́rẹ̀ẹ́, kò ní bọ́tìnì, kò ní ihò, kò tiẹ̀ ní síláìdì. Nóòtì méjì mẹ́ta ló ń mú jáde, ètè nìkan ló fi ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n fi ìka kàn mí léjìká, wọ́n ní, "Wo ọwọ́ rẹ̀." Ọwọ́ ọkùnrin yẹn gbé kàkàkí náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kò fà á mọ́ra. Irin yẹn ń mì fìrìfìrì níwájú ẹnu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì bo ẹsẹ̀ ẹṣin àti ariwo ọjà. Gbogbo ọdún tí mo ti ń tẹ irin mọ́ ẹnu wá sí mi lọ́kàn níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn yẹn, láti ikùn. Mo ti gbọ́ "fọn ún láti ikùn" ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ojú mi ò rí i rí.

Bí mo ṣe padà rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe rí torí ó lè wúlò fún ẹni tó wà níbi tí mo wà nígbà yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, nóòtì ìsàlẹ̀ nìkan, ohùn kékeré, díńgí níwájú mi. Mo fọn ìṣẹ́jú kan, mo sinmi ìṣẹ́jú kan, aago fóònù ló ń sọ fún mi, mi ò gba ara mi gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di mẹ́wàá. Ọwọ́ òsì mi, mo fi ìka méjì péré gbé irin dání nígbà tí mo bá ń ṣe nóòtì gígùn, torí ìka méjì ò lágbára láti fà á mọ́ ẹnu. Nóòtì tí ò bá jáde bẹ́ẹ̀, mo gbà pé kò tíì tó àkókò rẹ̀. Ó ṣòro ju bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò kọjá àwọn nóòtì àárín. Tí mo bá gbé e kúrò lẹ́nu, mo máa ń wo àmì òrùka yẹn nínú díńgí, tí kò bá tíì parẹ́ kí n tó mu ife omi kan tán, mo ti parí fún ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni mo ṣì ṣe.

Nípa ọyẹ́ ńkọ́: òrí lẹ máa fi pa ètè lóru, òrí gidi tí àwọn obìnrin ń tà lọ́jà, ó dáa ju gbogbo nǹkan olóòórùn dídùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ nu ún kúrò kẹ́ ẹ tó fọn, torí mouthpiece á máa yọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kó má bàa yọ̀. Síláìdì náà, ẹ má fi Vaseline sí i bí mo ṣe ń ṣe, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á di bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha igi. Kíríìmù tí wọ́n ṣe fún un ni kẹ́ ẹ fi sí i, díẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ wá fi ìgò tí àwọn bábà fi ń fọ́n omi séèyàn lórí fọ́n omi sí i. Nínú ọyẹ́, omi yẹn máa ń gbẹ kíákíá, ẹ gbé ìgò yẹn sábẹ́ àga yín. Kẹ́ ẹ sì máa nu irin inú kẹ́ ẹ tó kó o wọlé.

Ohun kan tún wà tó ń mú àwọn èèyàn tẹ ètè tí wọn ò mọ̀, òun ni iná. NẸ́PÀ máa ń mú iná lọ láàárín rìhásà, ẹ́síì á kú, gbọ̀ngàn á gbóná. Tí ooru bá mú, ohùn fèrè irin ń gòkè, ohùn fáyólíìnì sì ń sọ̀ kalẹ̀, okùn wọn ń dẹ̀. Tí ẹ́síì bá sì ń fẹ́ gan-an, tiwa á lọ sílẹ̀. Mo máa ń rò pé etí mi ló ti bàjẹ́, mo wá ń fi ètè fa ohùn sókè tàbí sílẹ̀. Ẹ má fi ètè ṣe é. Síláìdì wà níbẹ̀, ẹ tì í síwájú díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fa irin ẹ̀yìn tí a fi ń tún ohùn ṣe. Ẹ tún fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná wọnú irin láìfọn ún nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka báà, kó má bàa tutù kó tó kàn yín.

Oṣù Kẹjọ 2023 ni mo padà sí ọ́kẹ́sítrà. Mo lọ bá adarí kí rìhásà tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún wọn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá, títí kan oògùn yẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi mí sí apá tirọ́mbóònù kejì." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi nígbà yẹn?" Wọ́n ní àwọn ì bá ti wá ẹnì kan láti bá mi fọn ibi tó ga. Èsì yẹn dùn mí ju ètè lọ. Gbogbo ohun tí mo ń sá fún, kò sí níbẹ̀.

Apá kejì ni mo wà títí di báyìí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí a ń ṣe orin Handel yẹn fún Kérésìmesì, Mèsáyà, tí kò tiẹ̀ kọ tirọ́mbóònù sínú rẹ̀ ní 1741, Mozart ló padà fi í sí i ní 1789, àwa kàn ń bá àwọn akọrin tẹ́nọ̀ àti báàsì lọ ni, mo gbọ́ ohùn mi lábẹ́ ohùn wọn, mi ò mọ èwo ni tèmi mọ́.

Ọmọkùnrin kan ló wà ní apá kìíní báyìí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ará Màràrábá, wákàtí méjì ló ń lò nínú gósúlóò Nyanya kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dáa gan-an. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà ìsinmi, mo rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ètè rẹ̀. Mo ní, "Gbé ọwọ́ kúrò kí n rí i." Ó ní kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n, kò dùn mí. Òrùka yẹn wà níbẹ̀, ó pọ́n, ó jin. Mo gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí òrùka síláìdì pa, mo gbé e sínú àpótí, mo ní kó lọ ra omi tútù mu. Mo lọ bá adarí. A padà wọlé, mo bọ́ sórí àga kìíní, mo ń fọn apá rẹ̀, gbogbo nóòtì tó ga jù ni mo sọ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ọmọ náà sì jókòó tì mí pẹ̀lú pẹ́ńsù, ó ń bá mi ka báà.